Àbẹ̀kẹ́, má dá ijó dúró ní igun

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àǹtí rẹ ti fi fídíò ìdíje jimunásíìkì ọjọ́ Sátidé ránṣẹ́, eré orí ilẹ̀ tí o fi ijó àti òkìtì ṣe sí orin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo wò ó. Òkìtì tí o ta yẹn wú mi lórí débi pé mo pe bàbá rẹ kúrò nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn.

Bí o bá ti dé igun kápẹ́ẹ̀tì níbi tí o ti fẹ́ ta òkìtì, ijó parí nìyẹn. Wàá sọ ọwọ́ kalẹ̀, wàá mí kanlẹ̀, ojú rẹ á le koko bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà. Orin ti lọ. Lẹ́yìn òkìtì, wàá tún máa wá a kiri. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré mà ni wọ́n fún ọ!

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi mú mi lọ wo egúngún aláré n'Ísẹ́yìn. Ọ̀kan ń jó bàtá bọ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò dúró, kò wolẹ̀, inú ijó yẹn gan-an ló ti tàkìtì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ohùn ìyáàlù jọ kanlẹ̀ ni. Títí dòní, mi ò lè sọ ibi tí ijó ti parí tí òkìtì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ lára rẹ nìyẹn.

Àwọn adájọ́ náà kò fojú kékeré wo ijó. Nínú ìdíje àgbáyé eré orí ilẹ̀ àwọn obìnrin, ohun mẹ́jọ tí eléré ṣe ni wọ́n ń kà fún ìṣòro eré, mẹ́ta ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ijó. Ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, òkìtì Simone Biles ará Amẹ́ríkà le ju ti Rebeca Andrade ará Brazil lọ. Ṣùgbọ́n Biles tẹsẹ̀ kọjá ìlà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ 0.6 nínú máàkì rẹ̀. Andrade gba 14.166, Biles gba 14.133.

Ìwọ náà tẹ ìlà ní Sátidé, èémí rẹ ti tán. Bá kóòṣì rẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ dín òkìtì ìkẹyìn kù, kí èémí lè ṣẹ́ kù fún ijó. Ìyẹn kì í ṣe ìwà ojo.

Lálẹ́, ti tábìlì pálọ̀ àǹtí rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tan orin, má ta òkìtì kankan. Igun nìkan ni kí o máa jó wọ̀, kí o máa jó jáde, títí ọwọ́ rẹ ò fi ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kí àǹtí rẹ ká a sílẹ̀ fún mi.

Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀ o.

Mọ́mì rẹ