Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́,
Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ sì kú àkọ́rọ̀ òjò. Ẹ lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí a fi padà sórí bébà nígbà tí gbogbo wa wà lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò ló fà á. Àárọ̀ Mọ́ńdè la fi ìkéde rẹ̀ síbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, àdúrà òwúrọ̀, fídíò àgbo ibà àti "fi í ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá" ti bò ó mọ́lẹ̀. Òbí mẹ́tàlá péré ló wá. Ìyá kan ní ohun tí òun kò tíì kà ti lé ní igba, òun bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. N kò bá a wí. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn ọmọ, tiwọn ló kàn le jù.

Ní sáà yìí, olùkọ́ Ìtàn ní kí SS1 lọ wádìí iye àtẹ̀gùn tí a fi ń gun Òkè Ìdànrè. Orí fóònù ni gbogbo wọn gbà lọ. Àwọn kan mú 667 bọ̀, àwọn kan mú 682. Olùkọ́ bi wọ́n pé èwo ni ká wá gbà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ọmọ Ìdànrè mẹ́ta ló wà ní kíláàsì náà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan-an kò bi bàbá wọn. Ìdànrè tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 24 lọ sí wa! A bá kó wọn lọ ní Sátidé kan. Wọ́n gùn ún, wọ́n kà á, òógùn bò wọ́n. Iye tiwọn náà kò dọ́gba, àmọ́ ẹ ò bá gbọ́ àríyànjiyàn inú bọ́ọ̀sì: ẹnì kan ní àtẹ̀gùn tó ti fọ́ kò yẹ ní kíkà, èkejì ní ibi ìsinmi kì í ṣe àtẹ̀gùn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde lọ.

YouTube fúnra rẹ̀ ti kéde pé fídíò tí wọ́n ń gbé sórí òun ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ju wákàtí 500 lọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wo ti ìṣẹ́jú kan yẹn tán, láìsùn, láìjẹun, yóò lo ogúnjọ́ ó lé. Ìwé ìròyìn ní ojú ewé ìkẹyìn. Fóònù kò ní. Aza Raskin, tó ṣe irú ojú ìwé tí kì í tán yìí ní 2006, ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Láti 1971 sì ni Herbert Simon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti sọ pé àfiyèsí ẹni tó ń gba ìròyìn ni ìròyìn ń jẹ. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó mọ̀ ọ́n: igi tí a kò rẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ewé ni yóò máa ṣe.

Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń sùn ní kíláàsì léèrè. Ó ní ìṣirò lòun fẹ́ wò lálẹ́ àná. Ìṣirò ló fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí aago méjì òru fi lù, ọ̀bọ tó wọ ṣòkòtò ló ń wò.

N kò ní kí ẹ gba fóònù sọnù o. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí fóònù ọmọ máa sùn ní yàrá yín nínú ìsinmi yìí. Kí ọmọ SS3 mú ìwé Bàọ́lọ́jì kan, kó kà á dé ẹ̀yìn, kó tó wá olùkọ́ kẹwàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sì ń ta "expo" WAEC fún un lórí Telegram, olè ni.

Iṣẹ́ ìsinmi àwọn tó kù: kí wọ́n jókòó ti àgbàlagbà kan nílé, kí wọ́n bi í bí ó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n kọ ọ́ sí ojú ewé méjì. Bí ọmọ bá bi yín ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e.

Ọjọ́ ìwọlé wà lórí káàdì èsì. Ẹ gé ìsàlẹ̀ bébà yìí, ẹ bu ọwọ́ lù ú, kí ọmọ mú un padà wá. Ẹ má yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ o. N kò ní rí i.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́