Odò Méjì Ló Wà ní Barton

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn odò àtọwọ́dá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé kó tó di ọdún 1965 ni iṣẹ́ ti tán pátápátá lórí wọn. Ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ òótọ́ ní ti ọ̀pọ̀ àwọn odò tóóró, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ ní Barton, lẹ́bàá Manchester, níbi tí àwọn òbí mi ń gbé nígbà tí bàbá mi ń kàwé lọ́wọ́, tí èmi náà sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960.

Odò méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń gba orí èkejì kọjá. Ti òkè ni Bridgewater, tí wọ́n ṣí ní 1761 láti máa kó èédú láti Worsley wá sí Manchester, tí owó èédú sì tipa bẹ́ẹ̀ já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ti ìsàlẹ̀ ni Manchester Ship Canal, tí Ọbabìnrin Victoria ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1894. Ó gùn tó kìlómítà 58, òun sì ni ọkọ̀ òkun ńláńlá máa ń gbà nígbà náà wọ ìlú tí kò sí létí òkun rárá. Ẹ̀ńjíníà Edward Leader Williams ní láti wó afárá òkúta àtijọ́ tó gbé odò òkè, nítorí ọkọ̀ òkun kò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì fi ọpọ́n irin gbọọrọ tó ń yí rọ́pò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn ẹnu ọpọ́n náà lọ́tùn-ún lósì kí omi má bàa dànù, wọ́n á wá yí i tomitomi, gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 1,450 tọ́ọ̀nù.

Afárá mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà a sì yí. Àwa ọmọ iléèwé tí ilé wa wà ní òdìkejì kì í fi èyí ṣeré, nítorí òun nìkan ni àwáwí tí olùkọ́ kò lè já. Bí a bá pẹ́ dé, a ó ní afárá ló dá wa dúró, olùkọ́ á sì gbà, nítorí ó ń ṣẹlẹ̀ sí òun náà. Nígbà tí a bá ń dúró, a máa ń ka orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sí ìdí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó sì wá a lórí àwòrán ayé tó wà lára ògiri kíláàsì. N kò rántí ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì mìíràn tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

N kò ní purọ́ pé ibẹ̀ mọ́. Omi ìsàlẹ̀ dúdú, epo léfòó lójú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì máa ń wọlé bá wa lórí oúnjẹ. Omi Worsley ní tirẹ̀ pọ́n bí ọbẹ̀ tí epo pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyá mi gbà títí pé májèlé ilé iṣẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, irin inú ilẹ̀ ni omi ibi ìwakùsà àtijọ́ ń fọ̀ jáde.

Àmọ́ iṣẹ́ ń lọ. Ní 1958, ẹrù tó gba odò ìsàlẹ̀ kọjá tó nǹkan bí mílíọ̀nù 18 tọ́ọ̀nù. Ẹrù dínkù lẹ́yìn náà lóòótọ́, nítorí ọkọ̀ akóàpótí, ìyẹn ọkọ̀ òkun tó ń kó kọ̀ǹténà, ti tóbi ju odò lọ, síbẹ̀ àwọn bàbá ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì wa ṣì ń jí lọ já ẹrù ní èbúté Salford, níbi tí odò ìsàlẹ̀ parí sí, lójoojúmọ́. Kò yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ti kú nígbà tí òógùn ṣì wà lára wọn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe àtúnṣe: 1974 ni ẹrù àgbàdo tí wọ́n ń gba orí Bridgewater kó lọ sí àdúgbò ilé iṣẹ́ Trafford Park dáwọ́ dúró, 1982 sì ni wọ́n ti èbúté Salford.

Èmi ni òǹkàwé yín.