Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ ejò, kì í ṣe agídí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ìmọ̀ràn kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ ejò aláìlóró sílé máa ń gbọ́: "Máa gbé e lójoojúmọ́, dì í mú gírígírí, bó pẹ́ bó yá agídí rẹ̀ á rọ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n ta kò ó. Òun ló ń sọ ejò tó yẹ kó ti tutù láàárín oṣù méjì di èyí tó ń bu èèyàn ṣán títí ọdún fi yípo. Ọmọ ejò kò ní agídí. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì nídìí.

Ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò ju ìka ọwọ́ lọ ní sísanra. Kò ní ìyá tó ń ṣọ́ ọ. Àṣá lè gbé e, ológbò lè pa á, ejò ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá lè gbé e mì, òkè sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń já lé e. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá ti ń sọ̀ bọ̀ látòkè, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: ẹni tó fẹ́ jẹ mí ti dé. Á wọ́ ọrùn sẹ́yìn bíi lẹ́tà S, èémí rẹ̀ á máa dún ṣíì, á ju orí síwájú. Òmíràn á máa gbọn ìrù. Erè kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Python regius á ká ara jọ bí òṣùká, á sì fi orí pamọ́ sí àárín. Omi olóòórùn burúkú tó máa ń tú jáde láti ìdí rẹ̀ sí èèyàn lára, ẹ̀rù yẹn náà ló fà á.

Bí ẹ bá wá dì í mú, ó lè dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìdákẹ́ ẹni tí kò rí ọ̀nà sá ni. Ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀ nígbà yẹn: ó le bí okùn tí a fà, ahọ́n rẹ̀ kò sì yọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ejò tí ọwọ́ ti há mọ́ rí ṣe ń sá fún gbogbo ọwọ́.

Kí ni ká wá ṣe? Láti inú ilé rẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń fo ibẹ̀ dá. Ejò kò lè fi ara rẹ̀ ṣe ooru, ibi tó bá sùn sí ló ti ń gbà á. Ti erè tí mo dárúkọ yìí, ẹ̀gbẹ́ kan àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ móoru tó 31 sí 33°C, kí ẹ̀gbẹ́ kejì wà ní nǹkan bí 25 sí 27°C, kí ó lè máa yan èyí tó wù ú. Ilẹ̀ tí ejò ń sùn sí ni kí ẹ ti wọn ooru náà, ẹ má wọ̀n ọ́n lára ògiri àpótí. Ibi ìfarapamọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ ní, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gbóná, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó tutù. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, ejò yóò máa yàn láàárín ooru àti ààbò, bí ọ̀kan bá sì ti wọ́n ọn, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀. Ibi ìfarapamọ́ náà gbọ́dọ̀ há débi pé ara rẹ̀ á máa kan ògiri rẹ̀ yíká. Èyí tó fẹ̀ bí yàrá kò yàtọ̀ sí ìta gbangba. Bí àpótí bá jẹ́ gíláàsì, ẹ fi bébà bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, àfi kí ẹ pààrọ̀ omi kí ẹ sì kó ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ sì dúró títí yóò fi jẹun lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láìbì. Ejò tí kò tíì jẹun kò tíì gbà pé ilé lòun wà.

Ọjọ́ tí ẹ bá máa gbé e, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí ọwọ́ bá ń rùn bí èkúté, èkúté ni ejò á kà á sí, ìbùṣán ebi sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rù: ti ẹ̀rù á bù ú, á fi í sílẹ̀, ti ebi á bù ú, á sì dì í mú. Ẹ ṣí àpótí jẹ́jẹ́. Ejò kò ní etí níta, àmọ́ ìró tó bá gba ara ilẹ̀ àti ara àpótí ń dé egungun àgbọ̀n rẹ̀; ẹni tó bá gbá ìdérí gbàmù ti dẹ́rù bà á kó tó na ọwọ́. Kò ní ìpéǹpéjú pẹ̀lú, nítorí náà ojú tó là kò sọ pé ó jí. Ahọ́n ni kí ẹ máa wò. Ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí bébà tí ẹ ká kàn án jẹ́jẹ́ ní àárín ara, lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń ṣe èyí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e, tí ẹ kò sì ṣe é rí lọ́jọ́ oúnjẹ, yóò mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ló ń bọ̀.

Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé sí i, nísàlẹ̀, jìnnà sí orí. Ẹ ti ìka mẹ́rin bọ abẹ́ ibi tó sanra jù lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà láìṣiyèméjì. Ẹni tó ń na ọwọ́ tó tún ń fà á padà ni ejò ń ṣán jù, nítorí ohun tó ń mì síwá sẹ́yìn gan-an ló ń fa ojú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kejì gba ìyókù ara rẹ̀. Ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ dà bí ẹ̀ka igi, ẹ̀ka kì í di ohun tó gùn ún mú. Bó bá ń rìn, ẹ máa gbé ọwọ́ kan síwájú èkejì kí ó rí ibi tẹ̀. Jíjókòó sílẹ̀ ló dára jù, torí bó bá já bọ́ látòkè, egungun ìhà rẹ̀ lè ṣẹ́.

Bí ẹ bá dá a padà sílé ní kété tó ju orí síwájú, ohun tí ẹ kọ́ ọ ni pé orí jíjù ń lé ọwọ́ lọ, á sì tún un ṣe. Ẹ dúró. Ẹ má mira, ẹ má pariwo. Tí ara rẹ̀ bá ti rọ̀, tí ahọ́n ti ń yọ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ń wọlé, kódà bí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e padà. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di ìjà àjàmọ́gbà. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 tó fún ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi máa wà láàárín. Bó bá ti jókòó pẹ̀lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tẹ̀léra, ẹ fi ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kún un, títí tí yóò fi tó 15 sí 20. Fún ọmọ ejò, èyí ti tó, nítorí ara rẹ̀ ń tutù níta.

Ìgbà méjì wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Àkọ́kọ́ ni wákàtí 48 lẹ́yìn oúnjẹ. Ejò tí a gbé lórí ikùn kíkún lè bì, oje ikùn á sì jó o lọ́nà ọ̀fun. Ó di ọjọ́ 10 sí 14 kó tó tún yẹ kó jẹun, kí oúnjẹ náà sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Èkejì ni ìgbà tó fẹ́ bọ́ awọ, tí ojú rẹ̀ ṣú bí ẹni fi wàrà sí i. Kò ríran dáadáa nígbà yẹn, gbogbo nǹkan ló ń dẹ́rù bà á.

Bó bá bu èèyàn ṣán tí kò fi í sílẹ̀, ẹ má fa ọwọ́ yọ. Eyín rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Fífà á lè ya awọ yín, ó sì lè ṣẹ́ eyín rẹ̀. Ẹ da omi tútù sí i lórí, á fi í sílẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà. Kódà bí kò bá bu ẹnikẹ́ni ṣán, ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn gbígbé e, torí ejò tí ara rẹ̀ dá ṣáká lè gbé kòkòrò àìsàn Salmonella kiri. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ejò tó ti tutù tó wá ṣàdédé yí padà, ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n àti àyíká ojú rẹ̀ bóyá kòkòrò dúdú tíntìntín wà níbẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí èémí rẹ̀: bó bá ń hó, tàbí tó ń la ẹnu mí, dókítà ẹranko ló kàn. Ẹ tún ooru wọ̀n. Ẹ sì gbé e lé òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ń kọ oúnjẹ lọ́jọ́ tó yẹ kó jẹun, tó sì ń rù, ẹ dá gbígbé e dúró pátápátá títí yóò fi jẹun padà.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé bí ẹ bá tún kọ nípa ejò nínú abala ohun ọ̀sìn yín, kí ẹ bá wa fi ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ àti wákàtí 48 yẹn sí i.

Òǹkàwé yín tó ń sin ejò