Ìwé GMAT àtijọ́ tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Lórí ohun tí ẹ gbé jáde lójú ewé àwọn ọ̀dọ́ nípa báwọn ọmọ wa ṣe lè lọ ka MBA, ìyẹn oyè gíga nínú ìmọ̀ okòwò, lókè òkun ni mo ṣe ní kí n kọ létà yìí. Ẹ gbìyànjú gan-an, àmọ́ ibi tí ẹ ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe GMAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọlé ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, lọ wá past question ọdún mẹ́wàá kó máa há a sórí, ibẹ̀ ni mi ò ti lè dákẹ́. GMAT kì í ṣe JAMB. Kò sí pé ti ọdún báyìí nìyí, ti ọdún báyìí nìyí, kọ̀ǹpútà ló ń yan ìbéèrè fún oníkálukú bó bá ṣe ń dáhùn sí, tó o bá ń gbà á, á máa le sí i, tó o bá ń kùnà, á rọ̀ díẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ò tiẹ̀ rí ohun tí ìwọ ń rí. Kí lèèyàn fẹ́ há sórí níbẹ̀?

Èyí tó wá burú jù ni pé ìdánwò ọ̀hún gan-an ti yí padà. Oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n gbé tuntun jáde, nígbà tí oṣù kìíní ọdún 2024 fi máa parí, ti àtijọ́ ti kógbá wọlé. Wọn ò kọ àròkọ mọ́, wọn ò ṣe àtúnṣe gbólóhùn tí wọ́n ń pè ní sentence correction mọ́, geometry náà ti kúrò ńbẹ̀. Àmọ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ẹ ó rí ìwé gàgàrà ọdún 2015, èèpo ẹ̀ ti ya, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, sentence correction kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n á ní òun ni gbogbo èèyàn ń kà. Kódà mo mọ ilé lẹ́sìnnì kan, mi ò ní dárúkọ wọn, tó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ báwọn èèyàn ṣe ń kọ àròkọ GMAT, wọ́n sì ń gbowó ẹ̀ lọ́tọ̀!

Abala mẹ́ta péré ló kù báyìí, ìṣirò tó jẹ́ ìbéèrè 21, kíkà àti ìrònú lédè òyìnbó tó jẹ́ 23, àti Data Insights, ìyẹn fífi òye yẹ àlàyé àti iye wò, tó jẹ́ 20, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ni fún ìbéèrè kan. Kalikulétọ̀ ò sí nínú ìṣirò o, inú Data Insights nìkan ló wà, lójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ọmọ tó jáde yunifásítì ò lè pín 84 sí mẹ́fà láìfọwọ́ kan fóònù, bẹ́ẹ̀ ìyá tó ń ta aṣọ ní Balógun á ti ṣírò owó yáàdì mẹ́tàdínlógún lórí kí ẹ tó yọ pọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín nínú Data Insights yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e kalẹ̀ àmọ́ bí wọ́n ṣe ń bèèrè ẹ̀ nìyẹn. Èló ni Ìyá Ṣadé ta àpò ìrẹsì kan? Àlàyé kìíní: èrè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ lórí iye tó rà á. Àlàyé kejì: 60,000 náírà ló rà á. Wọn ò ní kó o ṣírò o! Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé èwo ló tó láti fi dáhùn, ṣé ti àkọ́kọ́ nìkan ni, àbí ìkejì nìkan, àbí àfi kí méjèèjì pọ̀, àbí èyí tó wù kó o mú nínú wọn ló tó, àbí méjèèjì náà ò tiẹ̀ tó. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe á rí i pé àfi kí wọ́n pọ̀, á tẹ̀ ẹ́, á kọjá. Ọmọ tiwa á jókòó ṣírò títí á fi kan 75,000, á tún un ṣe kọ́kàn ẹ̀ lè balẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ, 75,000 ọ̀hún ò sì sí nínú ohun tí wọ́n ní kó mú.

Ẹni tó bá fẹ́ múra, kó kọ́kọ́ lọ sórí mba.com kó tó ra ohunkóhun, ìdánwò ìdánrawò méjì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ti àwọn tó ni GMAT gan-an. Kó ṣe ọ̀kan láìdúró, kó wá ibi tí NEPA ò ti ní mú iná lọ láàárín. Lẹ́yìn ìyẹn kó ní ìwé kékeré tó ń kọ ohun tó bá kùnà sí, kó kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀, ṣé kò mọ̀ ọ́n ni àbí kò kà á dáadáa àbí ìkánjú ni. Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́wàá tó tú palẹ̀ báyìí sàn ju àádọ́ta tó sáré ṣe lóru. Kó má sì kú sórí ìbéèrè kan, torí ó ṣì lè padà yí ìdáhùn mẹ́ta nínú abala kọ̀ọ̀kan, àmọ́ tí àkókò bá pé tó ṣì ku èyí tí kò dáhùn, wọ́n á yọ máàkì.

Máàkì 700 tí ẹ kọ pé kí wọ́n máa lé náà, àtijọ́ nìyẹn. Láti 205 dé 805 ni máàkì báyìí, márùn-ún ló sì ń gbẹ̀yìn gbogbo ẹ̀, torí náà ẹni tó bá ní òun gba 700 géérégé, ti tẹ́lẹ̀ ló ṣe. 645 ti ìsìnyí ló tó nǹkan bíi 700 ìgbà yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 275 ni wọ́n ń san tó bá jẹ́ ní sẹ́ńtà, tí a bá ṣẹ́ dọ́là kan sí 1,500 náírà ó ti lé ní 400,000. Torí owó yìí náà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù ni kí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹni tó jẹ́ Oluwatosin níbẹ̀ tó lọ kọ Tosin, wọ́n lè dá a padà lẹ́nu ọ̀nà kówó ẹ̀ sì wọgbó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ojú ewé yẹn tẹ̀, kí ẹ sì yọ past question kúrò níbẹ̀.

Èmi ni, òǹkàwé yín,
Ìkòròdú