Sí Àkànní, nípa ẹyẹ tí wọ́n torí rẹ̀ ta okùn sí etí omi

Tákíè,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Karùn-ún.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé, a dúpẹ́. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa níbí, àgbàdo sì ti ń yọ lóko. Màmá ti gba owó tí o fi ránṣẹ́, wọ́n ṣàdúrà títí.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Inú ń bí ọ pé o kó àwọn ọmọ lọ sí etí omi Montrose, ẹ bá okùn tí wọ́n ta yí apá kan yanrìn ká, ẹnì kan sì ní kí ẹ gba ibòmíràn nítorí ẹyẹ. O ní, "Ẹyẹ lásán-làsàn!" Rárá o, Àkànní. Ká ní Chicago ni mo wà ni, èmi gan-an ni ẹ ò bá bá nídìí okùn yẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàyọ́lọ́jì, kò sí ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára tó ti èyí.

Piping plover ni wọ́n ń pè é. Kò tóbi rárá, ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 55. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ yanrìn gbígbẹ, ikùn rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Ẹnu rẹ̀ kúkúrú, ìdí ẹnu náà ní àwọ̀ ọsàn, ṣóńṣó rẹ̀ dúdú. Ní àsìkò tí a wà yìí, wàá rí ọ̀já dúdú kan lọ́rùn rẹ̀ àti ìlà dúdú kan níwájú orí, láti ojú kan dé èkejì. Tó bá di ìgbà òtútù, dúdú yẹn á ṣá, gbogbo ẹnu á wá dúdú, ṣùgbọ́n nígbà náà ó ti lọ sí etíkun gúúsù níbi tí òtútù kì í ti í mú púpọ̀.

Ẹyẹ méjì lè tàn ọ́ jẹ. Killdeer tóbi jù ú lọ, ọ̀já méjì ló sì wà láyà tirẹ̀. Èkejì, semipalmated plover, ló ṣòro, torí wọ́n jọra púpọ̀. Wo ẹ̀yìn rẹ̀: tirẹ̀ ní àwọ̀ yanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó ṣú díẹ̀. Ọ̀nà ló sì ń gbà kọjá lọ sí àríwá, kì í pamọ níbẹ̀. Piping plover á sáré díẹ̀, á dúró ṣinṣin, á sọ nǹkan jẹ nílẹ̀, á tún sáré. Tó bá ti dúró báyìí, ojú ò ní rí i mọ́. Ohùn rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ gbọ́, ó máa ń súfèé jẹ́jẹ́, ìwọ á sì máa wá ibi tó ti ń wá kiri.

Kì í kọ́ ìtẹ́ bí àwọn ẹyẹ yòókù. Akọ ló ń fi àyà àti ẹsẹ̀ gbẹ́ kòtò kékeré sínú yanrìn. Á gbẹ́ tibí, á gbẹ́ tọ̀hún, abo á wá mú èyí tó wù ú nínú wọn. Wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ àti àfọ́kù ìkarahun sí i, ẹyin mẹ́rin ló sì sábà máa ń yé síbẹ̀, aláwọ̀ yanrìn, tó ní tóótòòtó dúdú lára. O rántí ẹyin àparò tí a máa ń bá nínú oko ẹ̀gẹ́ bàbá yín, tí ẹsẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí ojú tó rí i? Àparò tiẹ̀ ń rí koríko sá sí. Gbangba lásán ni ti èyí.

Àwọ̀ yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ kannakánná àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ láti ayébáyé. Òun náà ló ń pa á báyìí, torí èrò tó ń rọ́ lọ sí etí omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lè rí i. Ibi tí mo fẹ́ kó yé ọ jù nìyí: èèyàn ò ní láti tẹ ẹyin mọ́lẹ̀ kó tó bà á jẹ́. Nǹkan bí ọjọ́ 28 ni akọ àti abo fi ń gbaṣẹ́ sàba lọ́wọ́ ara wọn. Bí o bá tẹ́ ẹní sí tòsí, tí ẹ ń jẹun, tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹyẹ náà á dìde, kò sì ní padà níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á se ẹyin yẹn, ìwọ á sì ká ẹní rẹ lọ sílé láì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ajá tí wọ́n tú sílẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà ohun ìṣeré tí àwọn ọmọ ń fi okùn fà lójú ọ̀run, àṣá ni lójú rẹ̀.

Bí o bá rí i tó ń wọ́ apá kan nílẹ̀ bí ẹni pé ó ti kán, má tẹ̀lé e. Ó fẹ́ tàn ọ́ kúrò nídìí ọmọ ni. Dúró, wo ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ, kí o sì gba ibi tí o gbà wá padà. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dúró sínú kòtò. Kí wákàtí mélòó kan tó pé tí wọ́n jáde nínú ẹyin, wọ́n ti ń rìn, wọ́n ń wá oúnjẹ fúnra wọn, abẹ́ ìyá àti bàbá ni wọ́n sì ń sá sí tí òtútù bá mú wọn. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọn kì í sá, ńṣe ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ yanrìn. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó lè fò. Nítorí ìyẹn ni okùn náà fi ń pẹ́ nílẹ̀.

Nígbà kan, wọ́n fojú bù ú pé tọkọtaya 500 sí 800 ló ń pamọ ní etí àwọn adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Great Lakes, tí etí omi Montrose wà lára ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ṣọdẹ wọn títí òfin tó dáàbò bo irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ fi dé ní 1918. Lẹ́yìn náà ni ilé àti èrò tún gba etí omi lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi wọ́n sábẹ́ òfin ààbò ní 1986, tọkọtaya bíi 17 ló kù, nígbà tó sì di 1990, 12 péré. Àkànní, 12! Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn padà. Wọ́n ń fi àgò onírin bo ìtẹ́, tí ẹyẹ náà lè gba àárín rẹ̀ wọlé jáde, àmọ́ tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò lè gbà. Wọ́n ń kó ẹyin tí òbí rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ lọ sí Michigan, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ títí ọmọ á fi jáde nínú rẹ̀, wọ́n ń tọ́ ọmọ dàgbà, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀. Ní 2024, tọkọtaya 81 ni wọ́n kà. Tọkọtaya 150 ni wọ́n fẹ́ kó pé.

Etí omi tí ẹ lọ yẹn gan-an ni méjì nínú wọn, Monty àti Rose, ti pamọ ní 2019. Àwọn tó fẹ́ ṣe agbo orin ńlá síbẹ̀ wọ́gi lé e nítorí wọn, ohun tó wú mi lórí púpọ̀ nìyẹn. Monty kú síbẹ̀ ní 2022, Rose ò sì dé lọ́dún náà. Ọmọ wọn, Imani, padà wá. Ní 2024, òun àti Sea Rocket, abo tí ọwọ́ èèyàn tọ́ dàgbà, pamọ sí etí omi yẹn kan náà.

Nítorí náà, mú àwọn ọmọ padà lọ, mú awò tó ń fa ọ̀ọ́kán mọ́ra dání, kí ẹ dúró lẹ́yìn okùn. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹyẹ náà. Wọ́n fi òrùka aláràbarà sí wọn lẹ́sẹ̀, àsíá kékeré aláwọ̀ ọsàn sì wà lára àwọn ti adágún. Kọ àwọ̀ tí o rí sílẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́tọ̀, ti òsì lọ́tọ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀. Fún àwọn tó ń ṣọ́ wọn níbẹ̀ ní ohun tí o kọ, kí o sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi.

Bá mi kí Ìyá Bọ́lá dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó.