Bísí, ọ̀rọ̀ ìdàrọ́ bátìrì kan rèé o

Bísí mi,

Ṣé dáadáa lo wà, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Kánádà ò pọ̀ jù báyìí? Àwa wà ńbí, Ìyá Ṣadé ti bí ọkùnrin, Ṣèyí ti kó kúrò ní Ṣómólú, ẹjọ́ ìyẹn pọ̀, ó dìgbà tá a bá sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin kan wá bá Bùrọ̀dá Wálé ní yáàdì bùlọ́ọ̀kù ní Bàríga, ó ní òun á máa já ìdàrọ́ tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò fún un lọ́fẹ̀ẹ́, òun á tún fowó lé e, kí wọ́n kàn máa pò ó mọ́ yanrìn, sìmẹ́ǹtì á dín kù, pé ohun táwọn òyìnbó ń ṣe láti dín èéfín ayé kù nìyẹn. Bísí, òjé ló wà ńbẹ̀! Ó ti gbé àpò kan sílẹ̀, eruku ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí àtíkè, mo dẹ̀ rí Ràṣídì tó fi ọwọ́ yẹn mú pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù jẹ.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kọ́ nirọ́. Ìwọ lo ṣàlàyé Davidovits, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé yẹn, fún mi, tó sọ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń fi amọ̀ ṣe ní geopolymer láwọn ọdún 1970. Sìmẹ́ǹtì tiwa, òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun dé nǹkan bí dígírì 1,450, òkúta yẹn fúnra ẹ̀ tún ń tú carbon dioxide jáde, gbogbo ẹ̀ ń lọ sí bí ìdá 8 nínú 100 èyí táráyé ń tú sáfẹ́fẹ́. Tiwọn yìí, amọ̀ funfun bíi ti Ìjerò-Èkìtì ni wọ́n ń sun ní nǹkan bí 750, wọ́n á fi kọ́sítíìkì sódà àti waterglass, omi tí wọ́n fi yanrìn àti sódà ṣe, pò ó, bó bá gan, òjé á há sínú ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, a nílò ẹ̀ l'Ékòó.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni kéèyàn fi ṣọ́bìrì ro ó pọ̀ lábẹ́ òòrùn. Irin olóró tí wọ́n ń pè ní chromium six ńkọ́, tó jẹ́ pé bí wọn ò bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di chromium three tí oró ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń bómi jáde? Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá fẹ́ yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á yí i nínú omi kíkan fún wákàtí 18, bí òjé tó jáde bá ti pé mílígírààmù 5 nínú lítà kan, ewu ni. Àyẹ̀wò ti ààtàn dẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe ti ògiri yàrá ọmọdé, tí kàpẹ́ńtà á gbẹ́, tí oníwáyà á lu, tí eruku ẹ̀ á bọ́ sílẹ̀ tọ́mọ ń rá. Ṣé o rántí àwọn ọmọ Zamfara tó kú lọ́dún 2010? Òjé yìí náà ni.

Bùrọ̀dá ò gbọ́ tèmi, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, iye sìmẹ́ǹtì ò jẹ́ kó sùn. Àmọ́ tìẹ á wọ̀ ọ́ létí, látìgbà ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yẹn. Jọ̀ọ́, bá mi pè é, ní kó di àpò yẹn pa, kó dá a padà, kó mú àwọn ọmọ yáàdì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, Ràṣídì ṣáájú. Má sọ pé èmi ni mo ní kó o pè é o. Kó tó di Túsìdeè ṣá, ọjọ́ yẹn ni lọ́rì ń bọ̀.

Èmi ni,
Rónkẹ́