Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ nípa ẹ̀yìn ojú wa

Ìbàdàn

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara àwọn ọmọ le ní Indianapolis. Ibì kan ṣoṣo ló kọ mí lóminú, níbi tí o ti sọ pé o kò nílò dókítà ojú níwọ̀n ìgbà tí o ṣì ń ka Bíbélì láìlo awò.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, dókítà kán oògùn sí mi lójú títí ọmọlójú mi fi fẹ̀, ó tan iná wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan níbẹ̀ tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ mo ń ríran kedere. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí a wà nínú oyún, ara ọpọlọ ni awọ tí a fi ń ríran ti yọ jáde, nítorí náà ohun tó bá ń ba iṣan ojú jẹ́ lè máa ba ti ọpọlọ jẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i.

Láàárín 1993 sí 1995, wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbàlagbà ní agbègbè mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, Jackson ní Mississippi wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n fi tọpa wọn fún nǹkan bí 20 ọdún, làákàyè àwọn tí iṣan ojú wọn bàjẹ́ gan-an ló yára dínkù jù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣarán o, kì í sì í ṣe ojú ló ń fa ìgbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lè ba ojú àti ọpọlọ jẹ́ pọ̀.

Ìlú tèmi àti tìrẹ náà ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára 3.24 nínú 100 àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ṣùgbọ́n 1.35 péré ni ní Ìbàdàn. Yorùbá ni wá lóòótọ́, àmọ́ èmi tí mò ń gbé Ìbàdàn pàápàá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

O rántí màmá mi, tí wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé nǹkan kan kò dùn wọ́n. Orúkọ rẹ ni wọ́n fi ń pè mí báyìí.

Jọ̀wọ́, jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú rẹ, kí o sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlákẹ́